Ìwé Àṣẹ Lórí Ilẹ̀ Ìlú

Aṣọ tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, bí ó wù ú kí ó fi rán agbádá, bí ó wù ú kí ó fi rán ṣòkòtò, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá ṣe lórí ilẹ̀ wa kì í dúró sórí ilẹ̀ wa nìkan: èéfín iná wa a máa wọ yàrá aládùúgbò, omi ìdọ̀tí wa a máa ṣàn gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ariwo wa a sì máa jí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lójú oorun. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe àkóso ìlú fi ń wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ lo ilẹ̀ tàbí ilé fún iṣẹ́ mìíràn, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí a yàn án fún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí ni yóò bá ọ̀ràn náà pàdé lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìjọ yín bá fẹ́ sọ ilé kan di ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a sọ ohun tí ojú wa rí níbẹ̀, àti ohun tí ó kọ́ wa.

Àwọn kan a máa wí pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa tọrọ ìwé kí ó tó lo ilẹ̀ ara rẹ̀. Ìwé ni ó jẹ́ ti òyìnbó. Ìtọrọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Láti ìgbà àwọn baba wa, bí àlejò bá fẹ́ dáko ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀, yóò mú obì lọ bá baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀. Wọn yóò fi ààlà hàn án, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n wọn kì yóò jẹ́ kí ó lọ láìsọ ohun tí ó lè gbìn fún un. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kò ní ẹjọ́; ṣùgbọ́n kòkó àti obì kò sí nínú àdéhùn, nítorí pé igi tí yóò gbé ogójì ọdún lórí ilẹ̀ lè sọ ẹni tí ó yá ilẹ̀ di onílẹ̀. Àṣẹ ìlò ilẹ̀ ni èyí. Ẹnu àgbà ni ìwé rẹ̀. Bákan náà, àwọn obìnrin tí ń fún epo kì í gbé ebu wọn sí àárín agbo ilé. Ẹ̀bá odò lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí omi àti nítorí èéfín. Nígbà tí Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó kọ́ ilé ìsìn. Wọ́n tọrọ ilẹ̀, a sì fi í fún wọn. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n bá wá, síbẹ̀ wọn kò tìtorí èyí fò kọjá orí àwọn tí ó ni ìlú.

Òfin tí a kọ sínú ìwé dé nígbà tí ìlú di ńlá, tí ẹnìkan kò mọ ẹnìkejì mọ́. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ilé há mọ́ ilé, gọ́tà kò ṣàn, àrùn náà sì rí ibi fara pamọ́ sí. Ní ọdún 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú náà ṣe. Ní ọdún 1946 òfin ètò ìlú dé fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ìwé C of O ti di ohun tí gbogbo onílẹ̀ ń lépa. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 sì tẹ̀ síwájú sí i: ó ka yíyí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tí ó kan àyíká mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún, bí a kò tilẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn. Ní ọdún 2003 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Nítorí náà ìlànà lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò yàtọ̀.

Wàyí o, ìyá ìjọ kan tí ó ti sùn nínú Olúwa fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọ wa. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, ó ní yàrá mẹ́jọ, ó sì ní àgbàlá tí ó fẹ̀. Àdúgbò ilé gbígbé ni ó wà. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìhà tiwa. Àwọn ọmọ wa ní láti sọdá ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, àti ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ọkọ̀ gbá ọmọ kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́-Ìsinmi wa níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Nítorí náà, nígbà tí ilé yìí bọ́ sí wa lọ́wọ́, gbogbo ìjọ ni ó ké pé ìdáhùn àdúrà ni. A ṣí ìwé orúkọ, kí oṣù kan sì tó pé, orúkọ ọmọ 112 ti wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ wí pé kí a ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gba àṣẹ pọ̀ ní ìlú bí eṣú. Wọ́n ní bí ìjọba bá dé, a ó bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàì ní ìtumọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń sọdá ọ̀nà náà. Àwọn mìíràn wí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ní òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi ìyọ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀. A jíròrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn alùfáà wa yan àwa mẹ́ta, ó ní kí a lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kí a sì tọrọ àṣẹ.

Ohun tí wọ́n béèrè kò kéré. Èkíní ni ẹ̀rí pé ilé náà jẹ́ ti ìjọ ní tòótọ́. Èkejì ni àwòrán ilẹ̀ láti ọwọ́ awọnlẹ̀ tí òfin mọ̀, kí a lè rí i bí ilẹ̀ náà kò bá bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà fún ọ̀nà tàbí fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀kẹta ni àwòrán ilé náà bí ó ti wà, àti bí yóò ti rí nígbà tí ó bá di ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ẹnjiníà lórí agbára rẹ̀, nítorí pé ilé tí ó gba ìdílé mẹ́rin kò ní dandan kí ó gba ọgọ́rùn-ún ọmọ pẹ̀lú àga àti tábìlì wọn. Ẹ̀karùn-ún ni ìròyìn láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ètò ìlú, tí yóò sọ bí àdúgbò ti rí: bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó, ibi tí omi ń ṣàn lọ, ibi tí a óò kó pàǹtí sí, àti àwọn tí ń gbé ní ọ̀tún àti ní òsì. Lẹ́yìn èyí ni ìwé owó-orí, àti owó tí a óò san fún ìjọba. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò rò pé wọ́n kàn fẹ́ da ènìyàn láàmú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tí a wò ó dáadáa, a rí i pé ìbéèrè mẹ́rin péré ni: Ti ta ni? Ṣé ibi tí ó yẹ ni? Ṣé ilé náà lè gbé e? Ta ni ó lè jìyà rẹ̀? Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òbí rere kò ní béèrè.

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, ọkùnrin kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tọ̀ wá wá. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi, ní ọjọ́ 7 ìwé yín yóò jáde.” Owó tí ó dá lé e kò tó èyí tí ẹnjiníà nìkan yóò gbà. Akápò ìjọ, tí ó wà pẹ̀lú wa, wo owó inú àpò, ó tún wo ojú wa. Ọ̀kan nínú wa dá ọkùnrin náà lóhùn pé, “A dúpẹ́. Ìwé ni o lè bá wa gbà. O kò lè bá wa fi agbára kún òpó ilé náà.” A sì lọ.

Ẹni tí ó kọ ìròyìn àdúgbò fún wa gbà wá ní ìmọ̀ràn kan tí a kò ní gbàgbé. Ó ní kí a tó fi ìwé wọlé, kí a lọ bá àwọn aládùúgbò, ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ojúlé 23 ni a dé. Ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa gbà wá tayọ̀tayọ̀, ó sì gbé omi kalẹ̀ fún wa, lẹ́yìn náà ó wí pé, “Tíṣà, èmi kò bá ẹ̀kọ́ jà o. Ọkọ̀ àwọn òbí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Agogo 7 òwúrọ̀ ni ọmọ mi máa ń gbé mi lọ sí ọsibítù, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dí ojú ọ̀nà pa, ṣé orí òrùlé ni ẹ fẹ́ kí n gbà?” Àlàájì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ wa mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì fi ibi tí omi òjò máa ń dé lára ògiri hàn wá. Ó ní, “Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá yín. Ilẹ̀ yẹn ni ó ń mu omi fún wa. Bí ẹ bá dí i lẹ́nu, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀.” Ọkùnrin kẹta, tí ó ń ṣiṣẹ́ òru tí ó sì ń sùn lọ́sàn-án, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa rárá. Ó kọ ìwé sí ọ́fíìsì ètò ìlú pé òun kò fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ òun, wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa. A bẹ̀ ẹ́, kò gbà. A kò lè dá a lẹ́bi, nítorí pé oorun rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré fún un.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a rán òṣìṣẹ́ kan wá wo ilé náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àwọn ọmọ wa lọ. Ó fi okùn ìwọnlẹ̀ wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn àtẹ̀gùn, ó ka fèrèsé. Nígbà tí ó dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó rí àga kéékèèké tí a ti tò síbẹ̀, ó sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin bàbá, ọmọ mélòó ni yóò wà lókè níhìn-ín?” A ní 60. Ó ní, “Bí iná bá sọ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn yìí, ibo ni wọn yóò gbà?” Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni ilé náà ní. Kò sí ẹni tí ó fọhùn. Bàbá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ wa, tí ó ti ń tẹnu mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí a ṣílẹ̀kùn láìdúró, wà níbẹ̀; orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé wa. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà, ó ní, “Ọmọ mi ìbá wà lókè yìí.” Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń bá wa lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kì í sì í jẹ́ kí a ṣíwájú òun débẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń rò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì, ní erékùṣù Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wà ní apá òkè rẹ̀, àwọn ọmọ sì wà nínú kíláàsì ní àkókò náà. Ẹni tí ó jẹ́ Gómìnà nígbà náà, Akínwùmí Ambọ̀dé, wí pé ilé gbígbé ni wọ́n sọ di ilé-ẹ̀kọ́ láìbófinmu. Nǹkan bí ogún ènìyàn ni ó kú, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì wà nínú wọn. Kì í ṣe bébà ni ó ń gbé ilé ró, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí a ń bi ní òtítọ́ kí a tó fún ni ní bébà náà ni ó lè gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó bá ra bébà, tí ó sì sá fún ìbéèrè, kò rí nǹkan kan rà.

Oṣù 14 ni a fi dúró. A kò ní sọ pé kò dùn wá. Ní gbogbo àkókò náà, àwọn ọmọ wa ń sọdá ọ̀nà ńlá, a sì ń rán àgbàlagbà méjì lọ pẹ̀lú àsíá pupa láràárọ̀ láti dá ọkọ̀ dúró fún wọn. Ẹlòmíràn tí ó ti ṣèlérí owó fún wa gbà á padà, ó ní ó jọ pé a kò mọ ohun tí a ń ṣe. Ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba fún àwọn tí ó wà ní ipò àṣẹ pé ìjáfara wọn kì í ṣe ohun tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Nígbà tí ìdáhùn bá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn ènìyàn rere a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé, àwọn onímàgòmágó a sì rí oúnjẹ òòjọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bí ìlú bá fẹ́ kí a máa tọrọ, ó yẹ kí ìlú náà máa dáhùn.

Nígbà tí àṣẹ dé, ó mú àdéhùn márùn-ún wá. A kò gbọdọ̀ kó ọmọ sí òkè títí a óò fi kọ́ àtẹ̀gùn kejì síta. Ọmọ kò gbọdọ̀ ju 60 lọ. Ọkọ̀ yóò máa gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, yóò sì máa gba òmíràn jáde, kò sì gbọdọ̀ dúró ní títì. A kò gbọdọ̀ fi kọnkéré bo ju ìdajì àgbàlá lọ. A kò sì gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè síta. Ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Àlàájì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ wa rárá pàápàá wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n 112 kì í ṣe 60. Alẹ́ tí a jókòó ti ìwé orúkọ náà ṣòro fún wa ju gbogbo oṣù 14 lọ. Àwọn kan ní kí a mú ọmọ àwọn tí ó dá owó jù. Àwọn kan ní kí a mú ẹni tí ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. A pinnu níkẹyìn pé àwọn tí ń sọdá ọ̀nà ńlá ni yóò kọ́kọ́ wọlé, nítorí pé nítorí tiwọn ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn 52 tí ó kù, a lọ bá òbí wọn ní ilé, a sì sọ òtítọ́ fún wọn. Àwọn mìíràn bínú. Ìdílé méjì fi ìjọ sílẹ̀. Owó àtẹ̀gùn kejì ni a ń kó jọ báyìí. Nígbà tí ó bá parí, a ó padà lọ tọrọ ààyè púpọ̀ sí i.

Ọkùnrin tí ó kọ ìwé lòdì sí wa kò tíì yí ọkàn rẹ̀ padà. Bí ó bá rí ọkọ̀ kan tí ó dúró ní títì, kíá ni yóò wá kàn ilẹ̀kùn wa. A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní òtítọ́ inú, nítorí pé àdéhùn wa ni ó ń bá wa ṣọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ìjọ yín bá rí ilé gbà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka yàrá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka ọ̀nà àbájáde. Ẹ mọ ohun tí òfin yan ilẹ̀ náà fún kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹ lọ sí ojúlé àwọn aládùúgbò kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ máa pa ẹ̀dà gbogbo ìwé mọ́, ẹ sì gba rísíìtì fún gbogbo owó. Nígbà tí àṣẹ bá dé, ẹ fi àdéhùn rẹ̀ kọ́ ara ògiri níbi tí òbí gbogbo yóò ti rí i.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, a ní iṣẹ́ kan fún ẹ̀yin náà. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ ya àwòrán àdúgbò yín: ibi tí omi ń gbà, ibi tí aláìsàn wà, ibi tí ẹni tí ń sùn lọ́sàn-án wà, ibi tí ọmọdé ti ń sọdá ọ̀nà. Ẹ̀yin ni yóò jókòó sí ọ́fíìsì ètò ìlú ní ọjọ́ iwájú, ẹ̀yin náà ni yóò sì mú ìwé lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ àwọn tí ń gbé ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀ láti kékeré yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè, yóò sì mọ ìdí tí a fi ń bi òun náà.